Àlùmọ́gàjí, Gọ́ọ̀mù àti Ẹ̀rí Ìyà Àwọn Júù

Lẹ́yìn tí Ogun Àgbáyé Kejì kásẹ̀ nílẹ̀ lọ́dún 1945, oníṣẹ́ọnà kan nílùú Łódź, ní Póláǹdì, bẹ̀rẹ̀ sí í gé fọ́tò. Władysław Strzemiński lorúkọ rẹ̀. Ọwọ́ kan àti ẹsẹ̀ kan ló kù fún un, nítorí Ogun Àgbáyé Kìíní ti gba ìyókù lọ́dún 1916, nígbà tó ń jagun fún Rọ́ṣíà. Fọ́tò tó ń gé kì í ṣe ti ayẹyẹ. Fọ́tò àwọn Júù tí àwọn Násì, ìjọba Hitler ní Jámánì, há mọ́ inú àdúgbò ọ̀tọ̀ tí wọ́n ń pè ní gẹ́tò ni, fọ́tò òkú ni, fọ́tò ahoro ni. Ó ń lẹ̀ wọ́n mọ́ àwòrán tí òun fúnra rẹ̀ yà nígbà tí ogun ń lọ lọ́wọ́, ó sì ń fún ọ̀kọ̀ọ̀kan ní àkọlé tó wúwo lẹ́nu. Mẹ́wàá irú àwòrán àlẹ̀pọ̀ bẹ́ẹ̀ ló ṣe. Ó pe àkójọ wọn ní “Fún Àwọn Ọ̀rẹ́ Mi, Àwọn Júù.”

Strzemiński kì í ṣe Júù. Kí ogun tó dé, òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ló kó iṣẹ́ ọnà ìgbàlódé ilẹ̀ Yúróòpù jọ fún mùsíọ̀mù Łódź, wọ́n sì ṣí àkójọ náà fún aráàlú lọ́dún 1931. Àwòrán tó fi gbajúmọ̀ nígbà náà kò ní ojú, kò ní imú. Ìlà àti àwọ̀ lásán ni. Ẹni tó mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀ kò jẹ́ retí pé yóò fọwọ́ kan fọ́tò òkú láéláé. Ṣùgbọ́n kí ogun tó bẹ̀rẹ̀, ìdá kan nínú mẹ́ta àwọn ará Łódź ni Júù, wọ́n tó 230,000. Nígbà tí ogun parí, ìlú náà ṣófo wọn. Àwọn tó ń bá a tajà, àwọn tó ń bá a ṣiṣẹ́ ọnà, àwọn tó ń bá a jiyàn lórí iṣẹ́ ọnà, wọ́n ti kó wọn lọ.

Kí ló dé tí kò kàn gbé fọ́tò kalẹ̀ bí wọ́n ṣe yà á? Ọ̀dọ̀ ẹni tó di kámẹ́rà mú ni ìdáhùn wà. Púpọ̀ nínú fọ́tò tí aráyé fi mọ ìpakúpa àwọn Júù, àwọn tó ń pa wọ́n ló yà á. Ọ̀pọ̀ èèyàn ti rí fọ́tò ọmọkùnrin kékeré tó dé fìlà, tó na ọwọ́ méjèèjì sókè níwájú àwọn ọmọ ogun tó gbé ìbọn ní Warsaw. Inú álúbọ́ọ̀mù tí Jürgen Stroop, ọ̀gá ọmọ ogun Násì, fi jíṣẹ́ fún àwọn ọ̀gá rẹ̀ lọ́dún 1943 ni fọ́tò yẹn ti wá. Ó fi ń yangàn pé òun ti pa gẹ́tò Warsaw rẹ́ ni. Ní Łódź náà, Walter Genewein, ará Austria tó ń ṣírò owó ní ọ́fíìsì tí àwọn Jámánì fi ń darí gẹ́tò, ya fọ́tò aláwọ̀ tó tó bí 400. Ọdún 1987 ni wọ́n tó rí wọn ní ìsọ̀ ìwé àlòkù kan ní Vienna. Ẹni tó bá wo wọn láìmọ ìtàn, ohun tó máa rí ni ilé iṣẹ́ tó wà létòlétò, èèyàn tó tẹ̀ba sídìí iṣẹ́, ọjà tó tò jọ. Ebi tó ń pa àwọn èèyàn náà kú kò sí níbẹ̀.

Ojú olójú ò jọ ojú ẹni. Fọ́tò apààyàn lè jẹ́ òótọ́ délẹ̀ nípa ohun tó wà níwájú kámẹ́rà, kó sì parọ́ mọ́ ẹni tó wà nínú rẹ̀. Ó mú ọmọ èèyàn, ó sọ ọ́ di ẹrù, ó sọ ọ́ di iye, ó sọ ọ́ di àmì ẹ̀yẹ fún ẹni tó ṣẹ́gun. Àlùmọ́gàjí lè yọ ọmọ náà kúrò lọ́wọ́ ẹni tó yà á. Ohun tí àwòrán àlẹ̀pọ̀ wà fún nínú ọ̀rọ̀ yìí nìyẹn: kí fọ́tò tí ọ̀tá yà, tàbí tí wọ́n fipá mú èèyàn yà, padà wá jẹ́rìí sí ohun tí kò fẹ́ sọ.

Ọgbọ́n náà ti wà nílẹ̀ kí Hitler tó gorí oyè. Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kìíní ni àwọn oníṣẹ́ọnà ní Berlin, Hannah Höch àti John Heartfield nínú wọn, bẹ̀rẹ̀ sí í gé ìwé ìròyìn, tí wọ́n ń to àwọn ègé rẹ̀ sórí ara wọn. Heartfield ló sọ ọ́ di ohun ìjà. Lọ́dún 1932 ó ṣe àwòrán Hitler bí ẹni tí wọ́n yà ní ọsibítù láti rí inú àyà rẹ̀: owó ẹyọ ló tò láti ikùn dé ọ̀fun níbi tó yẹ kí eegun ẹ̀yìn wà. Ìwé ìròyìn aláwòrán tí àwọn òṣìṣẹ́ ń rà ló ń tẹ̀ ẹ́ jáde, nítorí náà kì í ṣe inú mùsíọ̀mù ni wọ́n ti ń rí i, orí ìsọ̀ ni. Nínú oṣù Kẹrin 1933 àwọn ẹ̀ṣọ́ Násì wá ká a mọ́lé, ó sì sá lọ sí Prague. Ibẹ̀ náà ni aṣojú ìjọba Jámánì tún bá a dé lọ́dún tó tẹ̀lé e: ó kọ̀wé ẹ̀sùn torí iṣẹ́ rẹ̀ tó wà nínú àfihàn kan, wọ́n sì yọ díẹ̀ nínú wọn kúrò lára ògiri. Ìjọba tó ń ṣe irú bẹ́ẹ̀ mọ̀ pé ìwé gígé lè bà á jẹ́.

Ṣùgbọ́n ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Łódź nígbà ogun ló yẹ kéèyàn fara balẹ̀ wò, nítorí ibẹ̀ ni wọ́n ti lo àwòrán àlẹ̀pọ̀ kan náà fún iṣẹ́ méjì tó takora.

Àwọn Jámánì gba ìlú náà nínú oṣù Kẹsàn-án 1939. Wọ́n yí orúkọ rẹ̀ padà sí Litzmannstadt, wọ́n kó Júù tó lé ní 160,000 sínú àdúgbò Bałuty tó ti rẹlẹ̀ tẹ́lẹ̀, wọ́n sì ti ibẹ̀ pa ní òpin oṣù Kẹrin 1940. Ebi àti àìsàn nìkan pa èèyàn tó lé ní 40,000 nínú gẹ́tò náà. Láti oṣù Kìíní 1942 ni wọ́n ti ń kó wọn lọ sí Chełmno, níbi tí wọ́n ti ń fi èéfín ọkọ̀ pa wọ́n. Nínú oṣù Kẹsàn-án ọdún yẹn, àwọn Jámánì ní kí wọ́n kó àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún 10 wá, àti àwọn arúgbó tó ti lé ní 65, àti àwọn aláìsàn. Ó lé ní 15,000 tí wọ́n kó lọ láàárín ọjọ́ díẹ̀. Chaim Rumkowski, Júù tí àwọn Jámánì fi ṣe olórí gẹ́tò, fẹnu ara rẹ̀ bẹ àwọn òbí ní gbangba pé kí wọ́n yọ̀ǹda ọmọ wọn.

Rumkowski gbà pé iṣẹ́ nìkan ló lè dá ẹ̀mí àwọn tó kù sí: bí àwọn Jámánì bá rí i pé ọwọ́ Júù wúlò fún wọn, wọn kò ní pa á. Torí èyí, ẹ̀ka tó ń rí sí ìṣirò nínú gẹ́tò gba àwọn ayàwòrán síṣẹ́, wọ́n sì ń ṣe álúbọ́ọ̀mù aláràbarà fún àwọn ilé iṣẹ́ ibẹ̀. Wọ́n á gé fọ́tò àwọn aránṣọ, wọ́n á tò wọ́n yí fọ́tò aṣọ ológun ká, wọ́n á ya ìlà tó ń fi hàn bí iye ọjà ṣe ń gòkè, wọ́n á fi lẹ́tà mèremère kọ orúkọ ilé iṣẹ́ náà. Iṣẹ́ náà dára, àwọn tó ṣe é mọṣẹ́ dunjú. Ẹ̀bẹ̀ ni gbogbo rẹ̀. Kéèyàn má fi ojú ẹni tó yó dá wọn lẹ́bi: ẹni tí ọ̀bẹ wà lọ́rùn rẹ̀ ló ń fi ìwé aláwọ̀ bẹ̀bẹ̀ yẹn.

Onífọ́tò méjì ló ń ṣiṣẹ́ fún ẹ̀ka náà, Mendel Grossman àti Henryk Ross. Fọ́tò ìdánimọ̀ àti fọ́tò ilé iṣẹ́ ni wọ́n gbà wọ́n fún. Ṣùgbọ́n fíìmù àti kẹ́míkà tí ọ́fíìsì fún wọn, wọ́n tún fi ń ya ohun tí òfin kà léèwọ̀. Grossman, tí àìsàn ọkàn ń bá jà, máa ń fi kámẹ́rà pamọ́ sábẹ́ kóòtù. Ó ti la àpò kóòtù náà, kó lè máa ti inú rẹ̀ darí kámẹ́rà láìyọ ọwọ́ síta. Báyìí ló ṣe ya ìlà àwọn tó ń dúró de ọbẹ̀ omi, àwọn tó ń fa kẹ̀kẹ́ ìgbẹ́, àwọn tí wọ́n ń yẹgi fún. Ó ya ìdílé tirẹ̀ náà bí wọ́n ṣe ń rù, títí kan ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó gbé agolo oúnjẹ dání. Fọ́tò tó yà lé ní 10,000. Ross ní tirẹ̀ fi ara pamọ́ sínú ilé ìkẹ́rùsí kan ní ibùdókọ̀ ojú irin, ó sì gba ojú ihò ya àwọn tí wọ́n ń kó lọ sí àgọ́ ìpààyàn Auschwitz. Nígbà tó rí i pé àkókò ti tán, ó ri fíìmù rẹ̀ tó tó 6,000 mọ́lẹ̀ nínú oṣù Kẹwàá 1944. Nínú oṣù Kẹta 1945 ni òun àti ìyàwó rẹ̀ lọ hú wọn. Omi ti ba bí ìdajì jẹ́.

Inú gẹ́tò yìí náà ni ọ̀dọ́kùnrin kan wà tí ìtàn rẹ̀ kò gbajúmọ̀ tó bó ṣe yẹ. Arie Ben-Menachem ni orúkọ tó jẹ́ lẹ́yìn ogun. Ọdún 1922 ni wọ́n bí i ní Łódź. Ó ń ran Grossman lọ́wọ́. Lọ́dún 1943, nígbà tó jẹ́ ẹni ọdún 21, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kó fọ́tò ọ̀gá rẹ̀ tí wọ́n yà ní ìkọ̀kọ̀, ó ń gé wọn, ó ń lẹ̀ wọ́n sínú álúbọ́ọ̀mù tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe. Ó ya àwòrán kún un, ó sì fi èdè Polish kọ àkọlé tó mú bí abẹ sábẹ́ wọn. Ọgbọ́n tí ẹ̀ka ìṣirò fi ń yin ilé iṣẹ́ gẹ́tò náà ló lò: fọ́tò gígé, lẹ́tà tó dúró dáadáa, ojú ewé tí wọ́n fara balẹ̀ tò. Ìyàtọ̀ ni pé níbi tí álúbọ́ọ̀mù ẹ̀ka ìṣirò ti ń to bàtà àti fìlà ológun, ebi, òkú àti ìkólọ ni tirẹ̀ ń tò.

Ìyẹn ni pé tábìlì méjì wà nínú gẹ́tò kan náà. Lórí ọ̀kan, wọ́n ń fi àlùmọ́gàjí bẹ ẹni tó fẹ́ pa wọ́n. Lórí èkejì, ọmọ ọdún 21 ń fi àlùmọ́gàjí kọ ẹ̀sùn sílẹ̀ fún adájọ́ tí kò tíì sí. Ẹni tó bá ní àwòrán gígé kò lè ṣe é gbà gbọ́ torí pé wọ́n ti gé e, kó wá wo èyí. Fọ́tò tó wà nínú méjèèjì jẹ́ òótọ́. Ohun tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ló sọ ibi tí ẹ̀rí ń lọ.

Nínú oṣù Kẹjọ 1944, wọ́n kó gẹ́tò Łódź kúrò nílẹ̀. Ben-Menachem gbé álúbọ́ọ̀mù rẹ̀ dé Auschwitz, wọ́n sì gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ níbẹ̀. Kò rí i mọ́. Ẹ̀dà díẹ̀ tí wọ́n yà nínú àwọn ojú ewé rẹ̀ ló bọ́. Grossman kú nínú oṣù Kẹrin 1945, lójú ọ̀nà, nígbà tí àwọn Násì ń fi ẹsẹ̀ da àwọn ẹlẹ́wọ̀n lọ. Ó ku ọjọ́ díẹ̀ kí ogun parí. Fíìmù tó tọ́jú pamọ́, àbúrò rẹ̀ obìnrin rí i kó lọ sí abúlé Nitzanim ní ilẹ̀ tó di Ísírẹ́lì, àmọ́ wọ́n sọnù nígbà tí àwọn ọmọ ogun Íjíbítì gba abúlé náà lọ́dún 1948. Fọ́tò tó ti tẹ̀ fún àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ló ṣẹ́ kù fún wa. Nígbà tí wọ́n kó wọn jọ sínú ìwé lọ́dún 1970, Ben-Menachem ló kọ ìtàn ọ̀gá rẹ̀ sínú rẹ̀. Ross ní tirẹ̀ lọ jẹ́rìí níwájú ilé ẹjọ́ tó dá Adolf Eichmann, ọ̀gá Násì kan, lẹ́jọ́ ní Jerúsálẹ́mù lọ́dún 1961, wọ́n sì gba fọ́tò rẹ̀ wọlé.

Ẹ jẹ́ ká padà sọ́dọ̀ Strzemiński, ẹni tó wà níta gẹ́tò nígbà tí gbogbo èyí ń ṣẹlẹ̀. Nígbà ogun, ó ti ń ya àwọn tí wọ́n lé kúrò nílé wọn. Ìlà kan ṣoṣo ni, tó ń gbọ̀n, tó ń rìn yí ara èèyàn ká láìwọ inú rẹ̀. Inú ara náà ṣófo. Lẹ́yìn ogun, ó gbé àwọn àwòrán yẹn lé orí kábọ̀nù, ó sì tẹ ìlà wọn jáde sórí ìwé mìíràn. Ẹ̀gbẹ́ ìlà ṣíṣófo yìí ló lẹ fọ́tò mọ́. Ẹni tó bá dúró níwájú ọ̀kan nínú wọn á kọ́kọ́ rí ìlà dúdú tó dà bíi pé ó fẹ́ di èèyàn, tí kò sì rí i dì. Lẹ́yìn náà ni ojú á bọ́ sórí fọ́tò, tó kéré, tó sì le. Fọ́tò ní èyí ṣẹlẹ̀. Ìlà ní ẹni tó ṣẹlẹ̀ sí kò sí mọ́. Kò sí èyí tó lè dá sọ ọ̀rọ̀ náà tán.

Ọ̀kan nínú àkọlé mẹ́wẹ̀ẹ̀wá náà fi ẹ̀sùn kan ọ̀ràn Káínì àti ẹ̀ṣẹ̀ Hámù. Ẹni tó ka Bíbélì mọ̀ pé Káínì ló pa àbúrò rẹ̀. Hámù ní tirẹ̀ kò pa ẹnì kankan. Ó rí ìhòòhò baba rẹ̀, kò bò ó, ó jáde lọ ròyìn rẹ̀. Ó jọ pé ìdí tí ọkùnrin ará Póláǹdì yìí fi so orúkọ méjèèjì pọ̀ ni pé ó rí ẹ̀bi méjì nínú ìlú rẹ̀: ti àwọn tó pààyàn, àti ti àwọn tó dúró wòran. Ẹni tí kì í ṣe Júù ló sọ bẹ́ẹ̀ fún àwọn èèyàn rẹ̀, nígbà tí ọ̀pọ̀ wọn kò fẹ́ gbọ́. Ìgboyà ńlá ni, ó sì yẹ kí orúkọ rẹ̀ gbajúmọ̀ ju bó ṣe wà lọ.

Ìjọba tó dé lẹ́yìn ogun kò fẹ́ irú iṣẹ́ ọnà rẹ̀. Lọ́dún 1950 wọ́n lé e kúrò ní ilé ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọnà tó ń kọ́ni, ó sì kú nínú òṣì lọ́dún 1952. Mẹ́sàn-án nínú àwòrán náà wà ní mùsíọ̀mù ìrántí Yad Vashem ní Jerúsálẹ́mù báyìí, ọ̀kan sì wà ní mùsíọ̀mù Kraków.

Boris Lurie, oníṣẹ́ọnà Júù kan, gba ọ̀nà tó le ju èyí lọ. Ìlú Riga ní Latvia ló ti dàgbà. Lọ́dún 1941 wọ́n pa ìyá rẹ̀, ìyá rẹ̀ àgbà, àbúrò rẹ̀ obìnrin àti ọ̀dọ́bìnrin tó ń fẹ́ nínú igbó Rumbula, níbi tí wọ́n ti yìnbọn pa Júù bí 25,000 ní ọjọ́ méjì. Òun àti bàbá rẹ̀ la àgọ́ ìfìyàjẹni já, wọ́n sì dé New York. Ibẹ̀ ló ti mú fọ́tò òkú tí wọ́n tò jọ sínú ọkọ̀ ní àgọ́ Buchenwald, ó sì lẹ fọ́tò obìnrin oníhòòhò tí wọ́n gé láti inú ìwé ìròyìn àwọn ọkùnrin mọ́ àárín rẹ̀. Àwọn kan bínú, wọ́n ní ó fi òkú ṣẹ̀sín. Ìbínú wọn yé èèyàn. Síbẹ̀, ẹni tó wo bí ìwé ìròyìn ṣe ń tà ní Amẹ́ríkà nígbà náà mọ̀ pé Lurie kọ́ ló kọ́kọ́ kó méjèèjì sójú kan. Orí ìsọ̀ kan náà ni fọ́tò òkú àti fọ́tò ìhòòhò ti ń fẹ̀gbẹ́ kẹ́gbẹ́. Ẹni tí wọ́n pa ìyá rẹ̀ ló ní ẹ̀tọ́ láti kó o síwájú àwọn tó ń rà á.

Àmọ́ àwọn kan yàn láti má ṣe lo fọ́tò òkú rárá. Yaffa Eliach, tí wọ́n bí ní Eishishok, ìlú kékeré kan tó wà ní Lithuania lónìí, jẹ́ ọmọ ọmọ àwọn onífọ́tò ìlú náà. Nínú oṣù Kẹsàn-án 1941, láàárín ọjọ́ méjì, wọ́n pa àwọn Júù ibẹ̀ àti ti agbègbè rẹ̀, nǹkan bí 3,500 èèyàn. Eliach wà lára ìwọ̀nba tó yè. Ó lo ọ̀pọ̀ ọdún láti wá fọ́tò àwọn ará ìlú rẹ̀ kiri, lọ́wọ́ àwọn ìbátan tó ti fọ́n ká ayé, títí tó fi ní bí 6,000. Bí 1,000 nínú wọn ló wà lára ògiri ilé gogoro kan nínú mùsíọ̀mù ìrántí ìpakúpa náà ní Washington, tí wọ́n ṣí lọ́dún 1993. Àwọn tó ń gun kẹ̀kẹ́ wà níbẹ̀, àwọn ìyàwó tuntun wà níbẹ̀, àwọn ọmọ iléèwé wà níbẹ̀ tí wọ́n ń bojú wo kámẹ́rà onífọ́tò tó mọ orúkọ wọn. Ojú ẹbí ló ya gbogbo rẹ̀. Ẹni tó ń wò kò lè rí wọn tán lẹ́ẹ̀kan, nítorí wọ́n lọ sókè ju ibi tí ojú lè ká lọ.

Gígé fọ́tò ní ewu tirẹ̀, kò sì yẹ ká fi pamọ́. Òkú kò fọwọ́ síwèé pé kí wọ́n lo òun. Nínú oṣù Kìíní 2017, Shahak Shapira, ọmọ Ísírẹ́lì tó ń gbé ní Berlin, kó fọ́tò àwọn ọ̀dọ́ tó ń fò, tó ń rẹ́rìn-ín lórí òkúta ìrántí àwọn Júù ní ìlú náà, ó sì fi kọ̀ǹpútà gbé wọn sáàárín fọ́tò òkú inú àgọ́. Àwọn méjìlá tó wà nínú fọ́tò náà rí i, púpọ̀ nínú wọn tọrọ àforíjì, ó sì yọ ọ́ kúrò lórí íntánẹ́ẹ̀tì lẹ́yìn bí ọ̀sẹ̀ kan. Iṣẹ́ náà ṣe ohun tó fẹ́ ṣe. Ṣùgbọ́n àwọn òkú tó wà lẹ́yìn àwọn ọ̀dọ́ náà, ohun èlò ìbáwí ni wọ́n tún di.

Ìyẹn ló jẹ́ kí ojú ibi tí àlùmọ́gàjí gbà kọjá ṣe pàtàkì. Nínú iṣẹ́ Strzemiński, Ben-Menachem àti Lurie, èèyàn ń rí etí ìwé tí wọ́n gé, ń rí gọ́ọ̀mù, ń rí i pé ẹnì kan ló jókòó to èyí pọ̀. Wọn kò tan ẹnikẹ́ni jẹ. Oríṣi àwòrán mìíràn ti wá dé báyìí tí kò ní etí. Lọ́dún 2025 mùsíọ̀mù Auschwitz kìlọ̀ fún aráyé nípa àwọn ojú ìwé Facebook tó ń fi ẹ̀rọ onílàákàyè (AI) ṣe fọ́tò àwọn Júù tí wọ́n ní wọ́n kú sínú àgọ́ náà. Wọ́n á ṣẹ̀dá ojú, wọ́n á fún un ní ìtàn, èèyàn á sì máa sunkún sí i, nígbà tí fọ́tò àwọn tó kú níbẹ̀ lóòótọ́, pẹ̀lú orúkọ àti ọjọ́ ìbí wọn, wà nínú àkójọ mùsíọ̀mù náà, tí ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ sì lè rí i.